Ọmọ Mi Kì í Ṣe Aláìgbọràn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti aṣọ, kì í sì í ṣe ti ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni. Ó pẹ́ tí mo ti pa á mọ́ inú, ṣùgbọ́n mo rò ó pé ìyá mìíràn lè wà tí irú rẹ̀ ń bẹ nílé rẹ̀, tí ó ń dá sunkún lóru.

Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún èmi àti bàbá wọn ní Ìbàdàn níbí. Àbíkẹ́yìn wọn, ọkùnrin, ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjì, bí a bá pe orúkọ rẹ̀, kì í wẹ̀yìn wò. A kọ́kọ́ rò pé etí rẹ̀ ni kò gbọ́ràn, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí bisikíìtì ní yàrá kejì, kíá ni ó ti dé. Kì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ìdérí ìgò ni ó máa ń tò sílẹ̀ gbọọrọ, bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ẹsẹ̀ gbá ọ̀kan, ẹkún ọjọ́ náà kì í tán bọ̀rọ̀. Síbẹ̀, kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ti ń ka Fátíhà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ó ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ láràárọ̀.

Ẹnu ayé kò dákẹ́. Àwọn kan ní àǹjọ̀nú ni. Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. Àwọn mìíràn ní èmi ni mo sọ ọ́ di àkẹ́bàjẹ́. Owó tí ó yẹ kí n fi ra ọjà sí ìsọ̀ ni mo fi ń ra àgbo kiri. Nígbẹ̀yìn, nọ́ọ̀sì kan ni ó ní kí a gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, lọ́dọ̀ àwọn dókítà tí ń mójú tó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi wá ní ìbéèrè títí, wọ́n wò ó bí ó ti ń ṣeré, wọ́n sì sọ fún wa pé ọ́tísíìmù ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n là yé mi. Ní ọdún 1943 ni dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Leo Kanner, kọ̀wé nípa ọmọ mọ́kànlá tí ìwà wọn jọ ti ọmọ mi yìí. Láti inú oyún ni ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń gba ọ̀nà tirẹ̀ dàgbà. Kì í ṣe èpè, kì í ran ènìyàn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Kò sí oògùn tí yóò mú un kúrò. Ṣùgbọ́n bí a bá tètè kọ́ ọmọ náà ní ọ̀nà tí yóò fi yé e, ó lè tẹ̀síwájú púpọ̀. Wọn kì í sì í rí bákan náà: òmíràn kì í sọ̀rọ̀ rárá, òmíràn a máa sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, a mú un lọ sí ilé-ìwé ìjọba tí ó wà nítòsí wa. Àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì rẹ̀ lé ní ọgọ́ta, olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó sì wà níbẹ̀. Bí agogo bá ti dún, ọmọ mi a fi ọwọ́ di etí, a sì wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Bí olùkọ́ bá pè é, kò ní dáhùn. Olùkọ́ sọ pé aláìgbọràn ni, ó sì fa pàṣán yọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ti ń wẹ̀ fún un, mo rí ojú ẹgba ní ẹ̀yìn rẹ̀. Mo bi í pé ta ni ó nà án. Kò lè sọ ọ́. Ohun tí ó ń wí ni, “Dìde! Mo ní kí o dìde!” Ohùn olùkọ́ rẹ̀ gan-an ni ó fi ń wí i. Mo jókòó sórí ilẹ̀ balùwẹ̀ níbẹ̀, mo sì sunkún.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pè mí. “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa mú ọmọ yín lọ sílé. Apá wa kò ká a.” Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀. Mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, a sì padà sílé. Bàbá wọn dákẹ́ títí, wọ́n wá ní bóyá kí á kúkú mú un lọ bá ìyá àwọn ní abúlé, kí ojú lè sinmi.

N kò sùn mọ́jú. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, bàbá wọn ń ka Kùránì, wọ́n sì kan Súrà Abasa. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn rẹ̀. Afọ́jú ni Ibn Umm Maktum. Ó wá bèèrè ẹ̀kọ́ nígbà tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá wọn, ń bá àwọn ọlọ́lá Kùráíṣì sọ̀rọ̀, Ọlọ́run sì sọ ọ̀rọ̀ kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Afọ́jú yìí náà ni ó wá di ọ̀kan nínú àwọn tí ń pe ìrun ní Mẹ̀dínà. Nígbà tí wọ́n kà á tán, mo ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ọmọ tiwa ni a ó wá fi pamọ́ sí abúlé?” Wọn kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n wọn kò tún dárúkọ abúlé mọ́.

Bàbá wọn ní àbúrò obìnrin kan tí ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ aláìlera ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1977. Òun ni ó la ojú mi. Ó ní òfin ọdún 2004 sọ pé kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé-ìwé fún ọdún mẹ́sàn-án lọ́fẹ̀ẹ́, dandan sì ni. Ó ní òfin mìíràn tún wà, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, tí ó ní a kò gbọdọ̀ fi àìlera lé ọmọ kúrò nínú ẹ̀kọ́, àti pé kí olùkọ́ tí ó kọ́ irú iṣẹ́ yìí wà ní gbogbo ilé-ìwé ìjọba, ó kéré tán ẹnì kan. Ó wá ní, “Ìyàwó wa, ẹ má ṣe fi ẹkún lọ, ẹ má sì fi ìjà lọ. Ìwé ni kí ẹ mú lọ.”

A kọ ìwé náà, ojú kan péré. Lókè, a kọ ohun tí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́yìn náà, ohun tí ó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní ìsàlẹ̀, a tọrọ nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí ó jókòó níwájú, kí ó jìnnà sí agogo, kí a sì sọ fún un kí agogo tó dún. Èkejì, kí a lẹ àwòrán iṣẹ́ ọjọ́ náà mọ́ káàdì níwájú rẹ̀. Èmi ni n ó máa yà á wá. Ẹ̀kẹta, bí a bá pè é, kí a fọwọ́ kàn án ní èjìká, kí a dúró díẹ̀, kí a má sì nà án. A fi ìwé dókítà tì í, a sì ṣe ẹ̀dà kan tí mo tọ́jú sílé.

Bàbá wọn wọ agbádá, a jọ lọ. Ọ̀gá ní, “Àlùfáà, ẹ má bínú. Ọgọ́ta ọmọ lọ́wọ́ tíṣà kan!” Èmi ni mo dáhùn pé, “Ọ̀gá, mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín pọ̀. A kò wá bá yín jà. Ẹ bá wa dán an wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, n ó máa wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì gbọ́ bí ó ti rí.” Bí a ti ń sọ̀rọ̀, ọmọ mi lọ dúró níwájú tábìlì iṣẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀. Kò mọ̀ pé ọmọ náà mọ ìwé kà.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Bí òjò bá ń kọlu páànù, a máa sá jáde síbẹ̀. Olùkọ́ tí òfin ní kí ó wà, a kò tíì rí i. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tí ó ń ṣe àkóso ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, n ó sì kọ ìkẹta. Ṣùgbọ́n pàṣán ti dáwọ́ dúró. Nígbà tí agogo bá kù díẹ̀ kí ó dún, ọmọ tí ó jókòó tì í a sọ fún un, òun náà a sì di etí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tún wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì mọ́. Olùkọ́ tí ó nà án sì ti ń fi káàdì alàwòrán kọ́ àwọn ọmọ mìíràn tí ìwé kò tètè yé.

Ẹ̀yin ìyá, bí irú ọmọ yìí bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi í pamọ́. Ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sílẹ̀, kí ó má pọ̀ jù, kí ó sì jẹ́ ohun tí olùkọ́ lè ṣe. Ẹ mú bàbá rẹ̀ dání. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ padà lọ. Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, mo ṣe bí ẹni pé àánú ni mo ń tọrọ. Ẹ̀tọ́ ọmọ mi ni.

Kí Ọlọ́run Ọba bá wa wo àwọn ọmọ wa, kí ó sì jẹ́ kí a jèrè wọn. Àmín.