Ọyẹ́ ní Tudun Wada, àti Ọ̀rọ̀ Ilé Bàbá



Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ọmọ wa kan tí a bí ní Tudun Wada níhìn-ín, tí ó ń gbé nísinsìnyí ní Saskatchewan, ní ilẹ̀ Kánádà. Ó ní pápá ni ibẹ̀, ó tẹ́ lọ bí ẹní, àlìkámà ni wọ́n ń gbìn sí i, àti pé ní oṣù January òtútù a máa lọ nígbà mìíràn sí ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo, tí ènìyàn kò gbọdọ̀ jáde láì bo etí. Lẹ́yìn èyí ni ó wá béèrè pé: Báwo ni ojú ọjọ́ lọ́dọ̀ yín? Báwo ni ẹ ti ń jẹ, tí ẹ ń mu? Ṣé ìlú fara rọ? Ó ní àwọn kan nínú àwọn àbúrò òun ń wí pé kí àwọn ta ilé bàbá àwọn tí ó wà ní Tudun Wada, òun kò sì mọ èsì tí òun yóò fún wọn. A mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ dá a lóhùn ní ojú ìwé yìí, kí gbogbo ẹgbẹ́ lè gbọ́.

Kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, nítorí àwọn ọmọ tí a bí sí òkè òkun. Ní èdè Hausa, tudu ni òkè, wada sì ni ọrọ̀. Tudun Wada ni Òkè Ọrọ̀. Jos fúnra rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gíga, ó tó ẹsẹ̀ bàtà 4,000 sí ojú òkun. Pápá koríko ni ilẹ̀ náà. Ó jọ ti Kánádà díẹ̀ ní ti pé ojú ń ríran jìnnà, ṣùgbọ́n tiwa ní àpáta tí ó gun ara wọn léra bí ẹni pé ọwọ́ ni a fi tò wọ́n, ó sì ní oró tí àwọn onílẹ̀ gbìn ṣe ọgbà yí ilé wọn ká. Kùsà ni ó kó ènìyàn jọ síbẹ̀. Ní 1914, rélùwéè kékeré ti Zaria dé Bukuru nítorí kùsà; nígbà tí ó yá, rélùwéè ńlá gba Kafanchan wọ Jos. Àwọn bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà àti àwọn ìlú mìíràn di ẹrù aṣọ, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ní ọdún mẹ́ta péré ni àwọn yóò lò. Ọdún mẹ́ta náà ni a ṣì ń kà títí di òní.

Ní ti ojú ọjọ́, láti November títí di February ni ọyẹ́ wa. Eruku a ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, a bo àpáta mọ́ wa lójú. Ètè a là, gìgísẹ̀ a là, òrí a sì di ọ̀wọ́n lọ́jà. Ní òru, òtútù lè sọ̀ kalẹ̀ dé ìwọ̀n 10, nígbà mìíràn kí ó tilẹ̀ dín. Ọmọ wa yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní òtútù ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé ilé tiwọn ní ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru. Páànù ni orí ilé tiwa, sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ rẹ̀, kúbùsù méjì àti súẹ́tà ni ààbò wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé iná èédú wọ yàrá tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa kí ẹ sì sùn. Oró inú rẹ̀ kì í ṣeé fojú rí, a sì máa pa odidi ìdílé mọ́jú. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí April, yìnyín a máa bọ́ lu páànù bí ẹni ju òkúta, àwọn ọmọ a sì sáré fi abọ́ gbè é. Òjò náà a máa rọ̀ títí di October.

Ní ti jíjẹ àti mímu, ilẹ̀ yìí kò ṣahun. Ànàmọ́ òyìnbó, kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì tí a ń jẹ ní Èkó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ti ibí lọ. Àwọn kòtò tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀ ti di adágún, omi wọn ni àwọn àgbẹ̀ ń fà sí oko ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ìyá wa ti mọ gwate sè, acha pẹ̀lú ànàmọ́ àti ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń fi irú sí i. Ṣùgbọ́n láti May 2023 tí ìjọba ti mú ọwọ́ kúrò lórí owó epo bẹntiróòlù ni owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ti fò sókè. Ní àìsùn Kérésìmesì ọdún náà, àwọn apànìyàn kọlu àwọn abúlé ní Bokkos àti Barkin Ladi, ẹni tí ó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ilẹ̀ ànàmọ́ ni Bokkos. Bí àgbẹ̀ bá sá kúrò lóko, ìkòkò wa ní Jos ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Ní ti pé ṣé ìlú fara rọ, a kò ní purọ́ fún un. Ní September 2001 ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Jos. Ní 2002 ọjà ńlá jóná, níbi tí púpọ̀ nínú wa ní ìsọ̀ sí. Ìjà mìíràn dé ní November 2008, òmíràn ní January 2010. Ní ọjọ́ 20 oṣù May 2014, bọ́ǹbù méjì dún ní Terminus, wọ́n sì pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Lónìí àwọn ènìyàn ń ná ọjà, àwọn ọmọ sì ń lọ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n àdúgbò pín. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí apá kan, ọ̀pọ̀ Kristẹni kó lọ sí apá kejì. Ní Tudun Wada, Kristẹni ló pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwa Yorùbá níbi tí ó ti ń dun ni, nítorí nínú ilé wa kan náà ni Àlàájì àti Díákónì ti ń jẹ́ ọmọ ìyá kan.

Ilé tí ọmọ wa ń béèrè rẹ̀ yìí, bàbá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àbúrò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì, ojúlé kan náà ni wọ́n ti ń jáde. Lẹ́yìn ti 2008, ẹ̀gbọ́n kó lọ sí òdìkejì ìlú. Kò sí ẹni tí ó lé e. Àwọn aládùúgbò gan-an ni ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó lọ, nítorí wọn kò mọ̀ bóyá àwọn yóò lè gbà á sílẹ̀ bí ọjọ́ burúkú bá tún dé. Nígbà tí àbúrò kú, ní ìtẹ́ òkú ni Bàbá ti dágbére fún un. Kò dé ilé.

Ní ọyẹ́ yìí, àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ náà, ìyẹn èyí tí ó ṣì ń gbé inú ilé ọ̀hún, bímọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, kí oòrùn tó la eruku, Bàbá dé nínú kẹ̀kẹ́ NAPEP, ó fi kúbùsù bo agbádá rẹ̀. Ìyá tí ń dín kósé ní iwájú ilé rí i, ó gbé ṣíbí rẹ̀ dúró, ó ní, “Alhaji, ka dawo?” Èyíinì ni, ṣé ẹ ti padà? Bàbá dá a lóhùn pé, “Na zo suna ne,” ìkómọ ni mo wá. Ìyá náà kò sọ nǹkan mìíràn. Ó di kósé sínú bébà fún un, kò sì gba owó. Bàbá gbé ọmọ náà, ó sọ ọ́ lórúkọ, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ àtijọ́ wò, ó sì lọ kí ọjọ́ tó rọ̀. Kò sí ẹni tí ó yọ ọ́ lẹ́nu ní àlọ, kò sí ẹni tí ó yọ ọ́ lẹ́nu ní àbọ̀.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ wa, a kò pàṣẹ fún ọ pé kí o má ta ilé. Páànù rẹ̀ ti gbó, ẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn àwọn àbúrò rẹ kì í sì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tà á, ojúlé wo ni Bàbá yóò tún ní láti wọ̀ ní Tudun Wada? Ohun tí a ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o wálé kí o wò ó, kí o sì gba ọ̀dọ̀ Bàbá kọjá kí o tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Ilé náà kì í ṣe ti bàbá rẹ nìkan.

Ìyá ọmọ tuntun àti ọmọ wà ní àlàáfíà. Bàbá ní kí a kí ọ. Ẹ̀yin yòókù, ẹ má gbàgbé owó ẹgbẹ́, ẹ sì múra kí ẹ tètè dé ìpàdé, nítorí òtútù kò jẹ́ kí àwọn àgbà pẹ́ níta.

Ire o.