Máìlì ẹ̀dínwó

Ọkọ̀ ń rọra wọ́ lọ láti Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìkòtún, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: ẹ wá ra máìlì ọkọ̀ òfurufú ní ẹ̀dínwó.

Ẹni tí kò tíì mọ oṣù tó máa rìn, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Bí ó bá ku díẹ̀ kí tiyín pé fún tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù, tí àyè tí ẹ lè fi máìlì gbà sì wà lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rìn, ìyẹn yé mi.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì náà gan-an.
Bí ẹ bá tilẹ̀ fi máìlì gbà á, owó orí àti owó pápákọ̀ òfurufú ṣì wà níbẹ̀ o, owó gidi lẹ máa fi san án!

Máìlì tí wọ́n ń pè ní Avios ńkọ́? Èyí tí ẹ kò ná, tí ẹ kò fi kún fún oṣù 36, ó ti wọgbó nìyẹn.

Ta ló ti rà á rí níbí? Ṣé ó lérè?