Ìjàpá Àtijọ́, Oríkèé Tuntun

Ẹni tí ó bá jogún ọkọ̀ Volkswagen tí Yorùbá ń pè ní Ìjàpá kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ohunkóhun padà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1950 sí 1967, oríkèé kan ṣoṣo, lẹ́bàá gíábọ́ọ̀sì, ni ọ̀pá tí ń yí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní. Bí awakọ̀ bá fi eré gba kọ́nà, ẹ̀yìn ọkọ̀ lè gbé sókè, kí táyà sì ká wọ abẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ lè gbókìtì, kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ìjàpá gan-an.

Ní ọdún 1969, àwọn Ìjàpá tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ní oríkèé méjì lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Irú èyí ni àwọn kan ń fi sínú ti àtijọ́. Iṣẹ́ náà kọjá kí a tú bóòtù kí a sì dì í padà: wọ́n ní láti jó irin ìdìmú mọ́ abẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n sì wá gíábọ́ọ̀sì tí ó bá a mu. Bí irin náà bá wọ́, táyà kò ní dúró déédéé.

Òótọ́ ni pé ọkọ̀ tí a jó irin mọ́ kì í ṣe ojúlówó mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí a gbé pamọ́ fún ìwòran yàtọ̀ sí èyí tí ń gbé ọmọ ènìyàn lójú pópó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí ẹni tí ń wa tirẹ̀ lójoojúmọ́ gba oríkèé tuntun, kí ó sì tọ́jú ọ̀pá àtijọ́ fún àrólé rẹ̀.