Ta Ni Yóò Lẹ Owó Mọ́ Olórin Níwájú?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ọ̀wọ̀ a máa jiyàn pé orin kò dà bí iṣu. Bí olè bá wa iṣu lóko, iṣu ti bọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣe ẹ̀dà orin láti orí fóònù kan sí òmíràn, orin ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ọ̀rọ̀ wọn ní làákàyè, nítorí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti ń gba orin lẹ́nu ara wa láìsan kọ́bọ̀.

Ohun tí wọn kò kà kún ni ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọwọ́ olórin. Ní òde àríyá, ẹni tí olórin bá kì ni yóò dìde, tí yóò lẹ owó mọ́ ọn níwájú. Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù dé, tí kásẹ́ẹ̀tì sì tẹ̀ lé e, olórin bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò lè fojú rí. Owó tí a fi ra rẹ́kọ́ọ̀dù ni ó wá dípò owó iwájú. Ẹni tí ń ṣe ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì tà gba owó náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo rí lọ́jà, tí ń kó orin sórí mẹ́mọ́rì káàdì fún àwọn oníbàárà. Ẹ kíyè sí i: òun gba owó, ẹni tí ó ta káàdì gba owó, olórin nìkan ni kò gba nǹkan kan. Níbo wá ni ọ̀fẹ́ wà?

Òfin kò ṣàìsí. Ọ̀kan jáde ní 1988, a sì fọwọ́ sí tuntun tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 2023. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè máa yẹ fóònù gbogbo ọmọ ilé-ìwé wò. Nítorí náà ni àwọn olórin ṣe rọ àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2009 pé kí wọ́n dá orin dúró, kí ará ìlú lè mọ bí ayé yóò ti rí láìsí i.

Irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Ọ̀wọ̀. Ní àsìkò ọdún Ìgógó, tí a fi ń ṣe ìrántí Ọrọnsẹn, ìlù kì í dún. Agogo ni à ń lù. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá parí, ìlù a tún dún. Ìlù tí ebi bá pa onílù rẹ̀ dákẹ́ kò ní ọjọ́ ìpadàbọ̀. Kí ẹni tí orin bá dùn mọ́ wá ọ̀nà tí owó rẹ̀ yóò fi dé iwájú olórin.