Aláìsàn àti Onísùúrù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu wa níbi iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí: "patient." Mi ò ronú nípa rẹ̀ rí, àfi ìgbà tí wọ́n gbé màmá Yorùbá kan wá sí wọ́ọ̀dù wa. Wọ́n ṣubú nílé, egungun ìbàdí wọn kán, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn.

Lóru àkọ́kọ́, mò ń kánjú, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bi wọ́n bí a ṣe ń bi gbogbo ènìyàn, pé láti 0 dé 10, mélòó ni ìrora yín? Wọ́n ní 2. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọjá. Lóru kejì, 2 náà ni.

Lóru kẹta, mo rí i tí wọ́n di irin bẹ́ẹ̀dì mú, tí wọn ò lè mí kanlẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n.

"Mà, ṣé ẹ rí oorun sùn?"

"Oorun kẹ̀? Ọmọ mi, mi ò tíì fojú ba oorun láti ọjọ́ tí mo ti dé."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, mà?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń pè mí ní patient. Mò ń ṣe sùúrù ni."

Mo pe dókítà, wọ́n fi kún oògùn ìrora wọn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí ìrora ò jẹ́ kó mí dáadáa, tí kò lè húkọ́, tí kò lè dìde rìn, àrùn lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì sí i lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ni mo fi 2 tí mo kọ sílẹ̀ ṣeré.

Nígbà tí mo délé, mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Màmá ò ṣì í gbọ́ rárá. Inú èdè Látìnì ló ti wá, láti ara "pati", tó túmọ̀ sí kí ènìyàn jìyà, kó sì fara dà á. Ó gba inú èdè Faransé wọ Gẹ̀ẹ́sì. Aláìsàn àti onísùúrù, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Tí a bá ní "aláìsàn", a sọ pé ara ẹni náà ò dá. A ò sọ fún un pé kó fara dà á. Àmọ́ ká má tan ara wa jẹ, àwa náà la ní sùúrù ni baba ìwà, àwa la máa ń dáhùn "a dúpẹ́" nígbà tí gbogbo ara ń ro wá.

Ní báyìí, mo máa ń bi àwọn àgbà wa pé ṣé ẹ sùn, ṣé ẹ lè yí ẹ̀gbẹ́ padà, kí n tó bèèrè nọ́ńbà. Bí òbí yín bá wà lọ́sibítù, ẹ bá wa bi wọ́n bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì wá sọ fún nọ́ọ̀sì. Kò ní bínú, jàre.