Ìdíje Ọkọ̀ Lórí Odò Ọya

Ọmọ Ọjà-Ọba ní Ìlọrin kì í ṣe àjèjì sí ìdíje. Ìtòsí ààfin Ẹ́míà ni ọjà náà wà, bí ọdún Iléyá bá sì dé, ojú rẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń fi ẹṣin dárà tìlù-tìfọn. Ẹlẹ́ṣin tí ó bá já bọ́, ilẹ̀ ni yóò bá. Yóò dìde, yóò gbọn eruku ara rẹ̀, àwọn ènìyàn yóò sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá lọ sí Pàtígi, ní etí Odò Ọya, níbi tí àwọn Tápà ti ń fi ọkọ̀ díje, tí ó sì wù ú láti di àjẹ̀ mú, kí ó má ṣe rò pé odò Àsà tí ó la Ìlọrin kọjá ti kọ́ òun ní ohun tí omi ń ṣe.

Ọkọ̀ ìdíje a máa gùn, a sì máa tẹ́ẹ́rẹ́ kí ó lè yára. Títẹ́ẹ́rẹ́ yìí náà ni ewu rẹ̀. Bí atukọ̀ kan ṣoṣo bá dìde láti juwọ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀ ní bèbè, ọkọ̀ lè dojú dé. Bí ọkọ̀ méjì bá sì sún mọ́ ara wọn jù, àjẹ̀ a há mọ́ àjẹ̀.

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọdún 2023, ọkọ̀ kan ń gbé àwọn ará agbègbè Pàtígi bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó ní Egboti, ní ìpínlẹ̀ Niger. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni díje. Èrò ti pọ̀ jù nínú ọkọ̀, òkùnkùn sì bo ojú omi. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ti ròyìn, ọkọ̀ náà kọlu ìtì igi tí omi bò mọ́lẹ̀, ó sì là sí méjì. Àwọn tí ó kú lé ní 100.

Irú igi bẹ́ẹ̀ kò mọ ọjọ́ ìdíje yàtọ̀ sí ọjọ́ ìgbéyàwó. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn apẹja tí ó mọ odò náà fi ọkọ̀ rọra yẹ ọ̀nà ìdíje wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì fi àsíá sàmì sí ibi tí ewu wà. Àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá kò tó, nítorí pé ìsédò Kainji àti ti Jẹ́bà wà ní apá òkè, omi tí wọ́n bá sì tú sílẹ̀ lè mú kí odò kún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni ti ẹ̀wù ìléfòó. Àwọn ọ̀dọ́ a máa kọ̀ ọ́, wọn a ní ọmọ odò ni àwọn, pé ẹ̀wù náà ń dí apá lọ́wọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: èyí tí ó bá fẹ̀ jù ń díni lọ́wọ́ nítòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá bá ara mu, tí a sì de okùn rẹ̀ dáadáa, ṣeé tukọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà kò ṣàdédé sọ pé òmùwẹ̀ ní í bá odò lọ. Kí ni ìwẹ̀ fẹ́ ṣe fún ẹni tí àjẹ̀ gbá lórí, tí ó dákú kí ó tó kan omi? (Àwọn èrò bèbè tí ń fi ẹlẹ́wù ṣẹ̀sín yóò sáà padà sílé lọ jẹun alẹ́.)

Bí ọkọ̀ bá dojú dé, kí olúkúlùkù di í mú. Ọkọ̀ igi tí omi kún a máa léfòó síbẹ̀, a sì tètè ń rí i ju orí ènìyàn lọ. Ẹni tí ó bá dá nìkan gba bèbè lọ lè rẹ̀ lágbedeméjì. Ọkọ̀ tí ó bá sún mọ́ wọn jù lọ ni kí ó kọ́kọ́ fi ìdíje sílẹ̀, kí àwọn onídàájọ́ má sì kà á sí ìpàdánù fún un. Olórí ọkọ̀ ni yóò ka àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí 20 bá wọ ọkọ̀, tí 19 sì dé orí ilẹ̀, kò ì tí ì tó àkókò láti bèèrè ẹni tí ó gba ipò kìíní.