Orin Ìṣẹ́jú Mẹ́rin

Ó pẹ́ tí àwa tí a fẹ́ràn orin funk ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń jiyàn lórí Kool and the Gang: ṣé wọ́n ta ara wọn lọ́pọ̀ ni, àbí wọ́n gbọ́n sí i? Jersey City ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1964, orin jazz ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń ṣe. Nínú “Jungle Boogie” ti 1973, fèrè àti gìtá béèsì ni ó ń sọ̀rọ̀. Ohùn ènìyàn kàn ń ta sí i bí iyọ̀ ni. Ní 1979 wọ́n gba J. T. Taylor, olóhùn dídùn, wọ́n sì fi ètò àwo wọn lé Eumir Deodato, ará Brazil, lọ́wọ́. “Celebration” jáde ní 1980, ó gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà ní 1981. Nígbà tí “Joanna” yóò fi dé ní 1983, fèrè ti bọ́ sẹ́yìn. Ọ̀nà yìí kan náà ni Commodores tọ̀, láti “Machine Gun” ti 1974 dé “Three Times a Lady” ti 1978.

Èmi kò sí lára àwọn tí ń bú wọn. Orin tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Bí a bá gé ìṣẹ́jú mẹ́ta kúrò nínú fèrè, kò sí àna ẹnikẹ́ni tí yóò sọ pé a kò kí òun.

Ti King Sunny Adé ni ó yàtọ̀. Lẹ́yìn ikú Bob Marley ní 1981, ilé iṣẹ́ Island gbà á, Martin Meissonnier, ará Faransé, sì bá a ṣètò “Juju Music” ní 1982. Orin méje ni ó wà nínú àwo náà. Àwo tí a ń rà ní Adó-Èkìtì (Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a ṣì wà nígbà náà) kò rí bẹ́ẹ̀: ojú kan àwo lè jẹ́ orin kan ṣoṣo, tí ìlù rẹ̀ kò ní dúró títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé àárín. “Synchro System” tẹ̀ lé e ní 1983. Ní 1984 “Aura” jáde, Stevie Wonder fúnra rẹ̀ fun hamóníkà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Island jọ̀wọ́ rẹ̀.

Àwọn àwo wọ̀nyẹn dára. Gìtá onírin Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù nìkan tó owó ẹni. Ṣùgbọ́n kí ni a gé? Ẹ lọ sí òkú àgbà ní Ìyìn tàbí ní Ìgèdè, kí ẹ wo bí orin jùjú ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ olóòkú jáde pẹ̀lú aṣọ ẹbí, olórin bi ẹni tí ó wà nítòsí léèrè orúkọ, ó fi í sínú orin, gángan sì gbà á lẹ́nu rẹ̀: orúkọ bàbá, oríkì, ìlú, oyè. Bí ìyẹn bá parí, ọkọ ọmọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Gángan kò lè sáré níbẹ̀, nítorí bí ohùn bá ṣì, orúkọ ti di ti ẹlòmíràn. Inú gígùn orin ni gbogbo èyí ń gbé. Ará London kò mọ ẹni tí wọ́n ń kí, nítorí náà kò ṣàárò ìkíni tí kò sí.

Ohun tí Sunny fi yè ni pé kò pa ọjà ilé tì. Ó ní ilé iṣẹ́ àwo tirẹ̀, Sunny Aládé Records, àwọn olóde sì ń dúró dè é. Ṣínà Peters wá ṣe “Ace” ní 1989, ó mú ìlù yá, àwọn ọ̀dọ́ ya lù ú; síbẹ̀ ó ń kí ènìyàn.

Nígbà tí a fẹ́ sìnkú ìyá wa ní Adó, àwọn àbúrò mi ní DJ ni kí a pè. Owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin ti ẹgbẹ́ olórin, kò sí orin tí kò sì ní lọ́wọ́. Àwọn àgbà ilé kùn, ṣùgbọ́n wọn kò mú owó wá. DJ náà fi “Celebration” sí i, gbogbo ènìyàn jó, èmi náà jó. Lẹ́yìn náà ni àbúrò ìyá wa kan, tí a ń pè ní Ìyá Ìgèdè, jáde lọ síwájú sípíkà. Ó jó díẹ̀, ó dẹsẹ̀ dúró, ó ń retí kí a pè é. Owó wà ní ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kò rí iwájú ẹni tí yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́. Níkẹyìn ó gbé e lé orí sípíkà, ó padà sórí àga rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni DJ náà. Ó wá mú owó, ó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ó sì pààrọ̀ orin.